Àwọn Tó Dúró ní Gbàgede

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni akọ̀wé fi jókòó sí gbàgede ìlú, tó ń ka èèyàn. Ọ́fíìsì rẹ̀ ti ri pátákó gíláàsì ńlá kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ kàn bíi fóònù, tí àwòrán ìlú láyé àtijọ́ á sì máa yọ. Ọ̀gá fẹ́ mọ̀ bóyá pátákó yìí ń fa èrò. Apá méjì ni wọ́n pín ìwé tó fún un sí: àwọn tó fọwọ́ kàn án, àti àwọn tó kọjá lọ.

Lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n ya bò ó bí eṣú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹfà, gbogbo ẹ̀ ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, bàbá rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi tọ́jú òdòdó gbàgede náà kó tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan pátákó ni, àwòrán ìsun omi àtọwọ́dá kan tí wọ́n ti wó tipẹ́ sì yọ, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ́ ọ.

"Irọ́ lọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn," ni bàbá wí. "Ọdún kejì ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Èmi ni mo gbin igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

"Igi wo, bàbá?" ni obìnrin náà béèrè.

"Òun rèé tó ń ṣíji bò wá."

Obìnrin náà gbójú sókè. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń kọjá dúró. Ìyá àgbà kan fọ̀pá sọ́wọ́ òsì, ó ní, "Ẹ rántí àga pupa tó wà níbí?"

"Ṣé ìyẹn ṣeé gbàgbé?" ni bàbá dáhùn. "Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìyá ọmọ mi yìí. Ó fi bàtà tuntun tẹ òdòdó mi pa, mo sì bú u bí ẹní láyin. Lọ́jọ́ kejì ló gbé irúgbìn wá. Ojú tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá wọgbó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹjọ rèé tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì gbọ́ ìtàn yìí rí. Bí wọ́n bá mẹ́nu ba ìyá nílé, ńṣe ni bàbá máa ń dìde lọ bomi rin òdòdó.

Iná pátákó ti kú, torí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́. Èèyàn mọ́kànlá ló ti dúró yí bàbá ká báyìí. Akọ̀wé wo apá méjèèjì inú ìwé náà, kò mọ èyí tó máa kọ wọ́n sí. Ó ki bírò bọ àpò, ó sún kí bàbá lè jókòó.

"Bàbá mi, kí ni màámi wá sọ?"

"Ó ní kí n yéé pariwo, kí n gbin irúgbìn."

Nínú ìwé tó kọ sí ọ̀gá, ó ní pátákó ń fa èrò díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àga kún un.