Àwọn Tó Ń Ti Ilẹ̀kùn

"Àwọn wo ni 'they' yìí, Tabitha?"

Bíọ́lá, olùkọ́ tó jókòó sí tábìlì kejì nínú ọ́fíìsì, gbé ṣíbí mọ́ínmọ́ín dúró lẹ́nu. Ọmọbìnrin tí wọ́n bi ní ìbéèrè ń wo bàtà ara rẹ̀. Lójú fèrèsé, òjò ti ṣú bo orí òkè Kàbà láti òwúrọ̀, kò rọ̀, kò sì lọ.

Ayọ̀wálé yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Wò ó dáadáa. Ìwọ lo kọ ọ́, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni, sà."

Ìdánwò tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó yege tàbí ẹni tó fìdí rẹmi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti ń ṣe é, kí yunifásítì lè mọ ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń há sí wọn lọ́fun, kí wọ́n sì fi olúkúlùkù sí kíláàsì ìrànwọ́ tó bá a mu. Ayọ̀wálé ló ń bójú tó o. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í rí okùn tó ta kókó kó má tú u ni. Kíka àṣìṣe àwọn ọmọ, iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ yòókù ń sá fún, òun gan-an ló fẹ́ràn jù, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí àṣìṣe tí kò ní ìdí.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ní kí wọ́n kọ nípa ohun kan tó dẹ́rù bà wọ́n rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Tabitha kọ nípa ejò, wọ́n kọ nípa ọkọ̀ tó dànù, ẹnì kan tilẹ̀ kọ nípa JAMB. Ohun tí Tabitha kọ, bí a bá yí i sí Yorùbá, kò ju báyìí lọ:

Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Wọ́n ń gba fóònù mi. Wọ́n ní bí mo bá ké, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Wọ́n ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn á rán mi lọ bá màmá mi. Màmá mi ti kú.

Láti ìgbà tí ojú ọ̀nà ti di ohun ẹ̀rù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn bí ó bá ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ajínigbé. Bíọ́lá ti kà á lánàá, ó sì gbé ọwọ́ láyà.

"Ṣé inú igbó ni wọ́n gbé ọ lọ?" ni Ayọ̀wálé tún bi í. "Àwọn mélòó ni wọ́n?"

Tabitha la ẹnu. "Wọn ò..." ló bẹ̀rẹ̀ sí wí.

"Ayọ̀wálé, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre," ni Bíọ́lá wí. "Bí ọ̀rọ̀ kò bá ti ní ìdáhùn, ara á máa yún ọ bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Ìyàwó tí yóò fẹ́ ọ yóò rí nǹkan!"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí i.

Ọjọ́ náà ni ìsinmi àárín sáà bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì ti họ́sítẹ́ẹ̀lì pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ń ba Ayọ̀wálé lẹ́rù ni kí ọmọ yìí má lọ wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé ní Odò-Ẹrẹ̀, kó sì tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ti gbé e rí. Ó ti wá nǹkan ṣe sí i.

"Má bẹ̀rù," ó wí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọdé lẹ́bùn. "O ò ní dé gáréèjì rárá. Mo ti pe Alàgbà Boaz. Mọ́tò tirẹ̀ ni yóò fi wá gbé ọ nínú ọgbà níbí."

Alàgbà Boaz ni ọkọ àǹtí Tabitha. Ọ̀yọ́ ni ọmọ náà ti dàgbà. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ni àǹtí rẹ̀ mú un wá sí Odò-Ẹrẹ̀. Àbújá ni àǹtí náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọdún dé ọdún ló ń wálé. Lórí fóònù, ohùn ọkùnrin náà tutù bí omi àmù. Ó gbàdúrà fún Ayọ̀wálé, ó ní àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yóò rí olùrànlọ́wọ́.

Tabitha gbé ojú sókè. "Sà, ṣé mi ò lè dúró sí họ́sítẹ́ẹ̀lì?"

"Wọ́n máa tì í."

"Kíláàsì ìrànwọ́ yẹn ń kọ́? Mo lè máa wá lójoojúmọ́. Gírámà mi ò dáa, sà, ẹ̀yin náà ẹ rí i."

"Ẹ gbọ́ mi o!" Bíọ́lá pàtẹ́wọ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sunkún kíláàsì nígbà ìsinmi! Ọmọ mi, lọ jẹun nílé kí ara rẹ balẹ̀."

"Ó di ẹ̀yìn ìsinmi," ni Ayọ̀wálé wí. "Lọ di ẹrù rẹ."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ayọ̀wálé kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó padà sí ìdánwò náà. Kọ̀ǹpútà ti fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Tabitha lọ́kọ̀ọ̀kan: ìtàn ohun tó ti kọjá lo ń sọ, kí ló dé tí o fi ń kọ ọ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́? Ayọ̀wálé ti gbà fún kọ̀ǹpútà, ó sì ti kọ orúkọ ọmọ náà mọ́ àwọn tí kò mọ ìgbà yàtọ̀ sí ìgbà. Nísinsìnyí ó ṣí apá gírámà, níbi tí wọ́n ti ń mú ìdáhùn tó tọ́. Gbogbo ìbéèrè lórí ohun tó ti kọjá, Tabitha gbà á. Kò pàdánù ẹyọ kan.

Ó tún un wò. Ẹni tó mọ bí a ti ń sọ pé nǹkan ti kọjá, tó wá kọ̀ tí kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà, kọ̀ǹpútà kò sì rí ojú ẹnikẹ́ni. Òun tó rí i, bàtà ló bá a wò.

"Bíọ́lá, kò ṣì í kọ. Nǹkan náà kò tíì parí."

"Kí ni kò tíì parí?"

"Wọn ò tíì fi í sílẹ̀."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí kì í bá ṣe inú igbó, a jẹ́ pé inú ọgbà yìí náà ni: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àwọn tó ń dọdẹ ọmọ tuntun tí kò ní ìyá. Ayọ̀wálé sáré gba ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí Alàgbà bá lè tètè dé, bí ọmọ náà bá lè tètè kúrò níbí!

Ó bá a lórí báàgì rẹ̀ níta, òun nìkan. Àwọn yòókù ti lọ. Ó fúnra rẹ̀ gbé báàgì náà.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìtòsí ni wọ́n wà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Má sọ nǹkan kan. Bí o bá ti délé, ọwọ́ wọn ò ní tó ọ mọ́."

Tabitha wò ó. Omi lé ròrò sí i lójú. Ayọ̀wálé rò pé ìdùnnú ni.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Yá, ká máa lọ."

Wọ́n dé ẹnu géètì. Ọkọ̀ funfun kan tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n lẹ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ gíláàsì rẹ̀, rọra wọlé, ó sì dúró. Tabitha náà dúró.

"Wọ́n ti dé, sà," ló wí.

Ayọ̀wálé yí padà wìrì, ó gbá báàgì mọ́ra, ó ń wá wọn. Ó wo ìdí igi máńgòrò, ó wo ẹ̀yìn kíláàsì, ó wo títì níta títí dé kọ́nà. Ó bẹ ojú wo ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Kò sẹ́nì kankan. Alàgbà Boaz nìkan ló sọ̀kalẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, tó na ọwọ́ láti gba ẹrù.

"Okun o, tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa."

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni ẹnu Ayọ̀wálé wí kí ọkàn rẹ̀ tó bá a dé ibẹ̀.

Ẹ. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ìyàrá, nílẹ̀ Okun níbí, "o" ni ọmọ ń pe bàbá, kò sì sí àrífín nínú rẹ̀. Ilé-ìwé ló kọ́ òun láti máa sọ ẹnì kan ṣoṣo di púpọ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Tabitha ti gbé tirẹ̀ bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Lédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, lórí irú ọ̀rọ̀ yìí pàápàá, kò jẹ́ pe àgbà ní ẹyọ kan: 'they' ló pè é.

Ọwọ́ Alàgbà ṣì wà ní nínà. Báàgì náà kò wúwo. Ayọ̀wálé dì í mú.