Bébà Inú Àpótí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi di ẹrù ní ilé-iṣẹ́ irin. Níwájú ni wọ́n ti ń rọ ìkòkò, ọkọ́ àti àdá. Àwa obìnrin mẹ́sàn-án wà ní yàrá ẹ̀yìn, à ń kó wọn sínú àpótí pákó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló ní nọ́ńbà. Tèmi ni 41. Tí o bá di àpótí kan tán, wàá kọ nọ́ńbà rẹ sórí bébà kékeré tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, wàá tì í bọ abẹ́ koríko gbígbẹ tí a fi bo ẹrù, kí o tó kan ìdérí. Bí oníbàárà bá rí ìkòkò tó fọ́, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbàgbé bébà yẹn, wọ́n sì lé mi sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsanwó. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kì í bi mí léèrè mọ́ kó tó fi í sí i.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kejì, ìjọba wa ti apá kan lẹ́yìn. Wọ́n pè é ní ìrànwọ́ fún aládùúgbò. Mi kì í gba ọ̀rọ̀ tó bá dùn jù gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n dáwọ́ ìkòkò dúró, ọta ìbọn ńlá tó gùn tó apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n sì ní ká kọ "aṣọ òtútù" sára àpótí. Olórí yàrá wa ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyá kan náà ló bí wa. Ó kó wa jọ, ó ní kò gbọdọ̀ sí bébà kankan nínú àwọn àpótí wọ̀nyí. Ó sì buwọ́ lùwé pé òun ti yẹ̀ wọ́n wò. Mo gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ogun parí, ìgbìmọ̀ kan jókòó nílùú wa láti mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè wa jẹ àwọn tí ogun náà bà jẹ́ ní gbèsè. Ìjọba wa ní àwọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ ju aṣọ òtútù àti àgọ́ lọ. Ni obìnrin oníbúrẹ́dì kan láti ìlú kan tí ogun náà fọ́ bá mú bébà kan jáde. Ó lọ ṣa igi ìdáná lórí òkè tí wọ́n ti yìnbọn lu àdúgbò rẹ̀, ó bá àpótí òfìfo níbẹ̀, bébà wà nínú koríko rẹ̀, 41 sì wà lára bébà. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà wa sí ti jóná, torí náà ìgbìmọ̀ ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́fà ti lọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ilé mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò jókòó.

"Kí lo máa sọ?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní kí lo máa sọ?"

"Ohun tí wọ́n bá bi mí."

"Wọ́n á bi ọ́ bóyá nọ́ńbà rẹ ni. Wàá ní rárá, wàá sì padà wálé wá jẹun. Kí ló le níbẹ̀?"

"Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ fún mi. Tí àṣírí yẹn bá tú, wọ́n á ní èmi ni mo ta àwọn ọta náà fúnra mi, pé ìjọba ò mọ̀ sí i. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àbúrò. Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ kí n kú sí?"

Mo bu omi fún un. Kò mu ún.

"Àti pé àwa kọ́ la yìnbọn," ó ní. "Ẹni tó rọ àdá kọ́ ló ṣá èèyàn."

"Ẹni tó rọ àdá, tó gbé e fún ẹni tínú ń bí, tó wá kọ 'ṣíbí' sára ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ìwọ àti ẹnu rẹ. Tí wọ́n bá ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ gbèsè, ta ló máa san án? Ṣé mínísítà ni? Èmi àtìwọ ni. Ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn yẹn ni wọ́n á tún gé owó ẹ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó máa san án. Ẹni tó dì í ni mo mọ̀."

"Ọmọ ìyá mi ni ọ́," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má ṣe mí báyìí."

A jọ rìn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ni. 

Fèrèsé yàrá ìpàdé náà kò ṣeé ṣí, òógùn ń bọ́ lára gbogbo wa. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó wọ awò ojú, jókòó sáàárín. Agbẹjọ́rò ìjọba wà lápá òsì. Oníbúrẹ́dì wà lórí ìjókòó iwájú, àpá iná ààrò wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí.

Wọ́n gbé bébà náà síwájú mi nínú ọ̀rá. Mi ò nílò àtiwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin tí mo bá kọ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń torí ẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí mo fi fiṣẹ́ sílẹ̀.

"Ṣé nọ́ńbà yín nìyí, Màmá?" alága bi mí.

"Ẹ rò ó dáadáa," agbẹjọ́rò ní. "Ó ti pẹ́. Ó lè jẹ́ inú àpótí ìkòkò ló ti wá. Ẹ rántí ìfẹ́ ilẹ̀ baba wa, iyì tí àwọn akọni wa—"

"Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó gbàgbé ìbéèrè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì ò rẹ́rìn-ín. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí ló wà nínú àpótí náà?"

"Ọta ìbọn ńlá. Mẹ́rin nínú àpótí kan."

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà?"

Mi ò múra sílẹ̀ de ìyẹn. Mo ti rò pé nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa bi mí. Agbẹjọ́rò dìde, ó ní kò di dandan kí n fèsì. Oníbúrẹ́dì gbójú sókè, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Mo mọ̀," mo ní. "Èèyàn mẹ́rin kì í gbé àpótí aṣọ òtútù kan. Gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n tiẹ̀ pàṣẹ pé ká má fi bébà kankan sí i. À ń gbowó oṣù, à ń lọlé."

"Àpótí mélòó lóòjọ́?" Oníbúrẹ́dì ló béèrè. Alága ní kó dákẹ́, àmọ́ mo ti ń dáhùn.

"Ogún, èmi nìkan."

 Oníbúrẹ́dì ká ọwọ́ jọ sórí itan.

"Ta ló pàṣẹ pé kẹ́ ẹ má fi bébà sí i?" alága ní.

"Ọ̀gá wa."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Agbẹjọ́rò ti ṣí gègé rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé orúkọ yẹn ló ń dúró dè. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, gbogbo ogun náà á di ti àgbàlagbà kan ṣoṣo. Mo pa ẹnu dé. Alága tún un béèrè. Mo ṣì pa á dé. Mo gbọ́ tí ìjókòó kan dún lẹ́yìn.

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀."

"Ẹ jókòó, Bàbá," agbẹjọ́rò ní pẹ̀lẹ́. "Wọn ò tíì pè yín."

"Mo ti dìde ná."

Ó rìn wá síwájú, ó fọwọ́ ti tábìlì. "Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìjọba ló wá kó àwọn àpótí yẹn, ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n sì ti pè mí láti wá buwọ́ lùwé. Mo mọ àtẹ̀gùn tí mo gùn. Mo mọ ẹni tó na bírò sí mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Agbẹjọ́rò ń wá fóònù rẹ̀ nínú àpò. Mo dìde kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí ibi jókòó. Kò wojú mi. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ.