Ohùn Tó Ń Padà Nínú Ampilifáyà Gbádébọ̀

Ampilifáyà ọkọ mi tóbi ju àpótí aṣọ mi lọ. Nígbà tí a kó wá sí Okokomaiko, òun la kọ́kọ́ gbé wọ yàrá, ká tó mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa gbà. Inú bí mi. Mo ní kí Gbádébọ̀ yan ọ̀kan nínú èmi àti àpótí yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú aṣọ, ó rọra nu ojú rẹ̀. Ojú àpótí ni mo wí o, kì í ṣe ojú tèmi.

Ẹgbẹ́ jùjú tó ń bá ta gìtá ló tú ká ní 1986, ampilifáyà yìí sì ni ọ̀gá wọn fún un kí kálukú tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe ní Iyana-Iba. Gìtá oníná ni gìtá rẹ̀, kì í dún síta láìsí ampilifáyà. Ibi kan ṣoṣo tó kù tí àwọn èèyàn ti lè gbọ́ ọ ni ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà fún un.

Ampilifáyà náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kó dé sí ọjà Àlàbá nísinsìnyí. Fáàfù ló wà nínú rẹ̀, àwọn gílóòbù gígùn kan tó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n bá tan iná, tí wọ́n á sì gbóná janjan. Kinní róbótó kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n máa ń yí. Bí o bá yí i, ohùn gìtá ò ní tán nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lára okùn. Á ṣì máa padà wá, bí ìgbà tí èèyàn bá pariwo sínú kànga. Gbádébọ̀ fẹ́ràn kinní yẹn ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ ta á fún ìjọ, àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn pàápàá dìde jó. Orin parí, Gbádébọ̀ gbé ọwọ́ kúrò, ohùn gìtá ṣì ń rìn lókè àjà. Wòlíì Ògúnlànà, olórí ìjọ wa, ní kí gbogbo wa dákẹ́.

“Arákùnrin Gbádébọ̀, ṣé ìwọ lò ń ta á síbẹ̀?”

“Rárá, Bàbá, mo ti dáwọ́ dúró.”

“Ta ló wá ń dá ẹ lóhùn?”

“Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Sìpíríǹgì kan ló wà nínú ẹ̀.”

Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni! Ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ampilifáyà. Ó yí ẹ̀yìn àpótí náà sí ìjọ, ó tú pákó rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa wá wò ó. A wò ó. Agolo pẹlẹbẹ kan ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n fi awọ dúdú bò. Ó fa agolo jáde nínú awọ, a sì rí sìpíríǹgì náà, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ roboto, tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ní ìjọ tiwa, tí wọ́n bá bá kinní tí wọ́n fi awọ bò nísàlẹ̀ àpótí ẹnìkan, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Obìnrin kan pariwo “Jésù!” Agolo já bọ́ lọ́wọ́ Gbádébọ̀, ó lu àpótí. Iná ṣì wà lára ẹ̀rọ, ni sìpíríǹgì bá dún bí àrá nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

A kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun. Ẹsẹ̀ lásán la fi sá dé ojú títì.

Wòlíì ò burú. Ó ní òun á da omi àdúrà sí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bí ohùn yẹn bá jáde lọ, Gbádébọ̀ á di onígìtá ìjọ. Bí kò bá jáde, kó gbé e lọ, kó má sì ta gìtá níbẹ̀ mọ́ láé.

“Bàbá, lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n pa iná ẹ̀ ná kó tutù,” ni ọkọ mi wí. “Gíláàsì gbígbóná ni fáàfù ẹ̀. Tí omi bá kàn án, ó máa fọ́.”

“Tí o bá pa iná ẹ̀, ṣé ohùn yẹn máa ń sọ̀rọ̀?”

“Rárá, sà.”

“Á jẹ́ pé kò sí nílé nìyẹn. Ta ni ká wá da omi lé lórí?”

Nígbà tí a délé, mo sọ fún ọkọ mi, “Bàbá Victoria, ẹ lọ gbé ampilifáyà yín wálé. Ẹ máa ta á nínú yàrá, màá fara dà á.”

“Tí wọn ò bá jẹ́ kí n ta á níbẹ̀, Ìyá Victoria, mẹkáníìkì nìkan ni mo máa jẹ́ títí tí mo fi máa kú. Bóyá wọ́n kàn máa wọ́n omi díẹ̀ sí i.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò lè jà mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi náà dé, wòlíì ò wọ́n ọn. Wọ́n tan àbẹ́là yí ẹ̀rọ ká, àwọn fáàfù pọ́n nínú rẹ̀, wòlíì gbé abọ́ omi sókè, ó sì dà á gba ẹ̀yìn wọlé. Pàù! Gíláàsì fọ́, èéfín yọ, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo ilé. Gbádébọ̀ sáré fa wáyà kúrò lára iná. Ìjọ hó yèè. Wọ́n rí i tó jáde lọ, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n rí?

“Ta gìtá ká gbọ́,” ni wòlíì wí.

Ọkọ mi fi ìka ra okùn, ó gbé ọwọ́ kúrò. Kẹ́kẹ́ pa.

“Ó ti lọ!” ni wòlíì kígbe. Halelúyà bẹ̀rẹ̀, ìlù dáhùn, agogo ń dún, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i pé gìtá fúnra rẹ̀ ò dún. Wọ́n ní kí Gbádébọ̀ kúnlẹ̀, wọ́n de àmùrè onígìtá mọ́ ọn nídìí. Mo fẹ́ dìde sọ̀rọ̀, ó wò mí, ó mi orí.

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́?” ni mo bi í nílé.

“Kí n sọ pé omi àdúrà ló bà á jẹ́? Wọ́n á ní ẹ̀mí yẹn ti kó wọ inú mi.”

Lọ́jọ́ Ajé a lọ sí Àlàbá. Ọkùnrin Ìgbò kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rẹ́rìn-ín sí wa. “Oga, fáàfù? Dat one don finish tey-tey. Ẹ wá wo tiransítọ̀, e fine pass.” Ohun tí gbogbo ìsọ̀ tí a yà sọ fún wa nìyẹn, pé fáàfù ti tán lọ́jà tipẹ́, a kò sì lágbára àtira ampilifáyà òmíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi tún dé. Gbádébọ̀ jókòó sáàyè rẹ̀ pẹ̀lú àmùrè, ampilifáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ta gìtá tọkàntọkàn. Wòlíì ń mi orí sí i. Ìlù àti àtẹ́wọ́ bo ohùn gìtá mọ́lẹ̀ pátápátá.

N kò lè fara dà á mọ́. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo kọjá sí apá ọ̀dọ̀ ọkùnrin, níbi tí obìnrin kì í dé. Wọ́n ń wò mí. Kí wọ́n wò mí dáadáa. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi, mo gbé etí lé pákó gìtá náà. Ó ń dún. Ó dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, kò sì sí ẹlòmíì nínú ìjọ yẹn tó ń gbọ́ ọ.