Ẹ̀kọ Tí Wọ́n Rọ Munawwarah

"Wòsílátù, má dúró wò mí. Wá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú!"

Kúbúrá ti há Munawwarah sáàárín itan rẹ̀, ó fọwọ́ kan di imú ọmọ náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kejì rọ ọ́ ní ẹ̀kọ bí ẹni ń rọ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún méje ni Munawwarah. Wòsílátù, ìyá rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹja ti Ọjà Olúwo dé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìrẹsì ló máa ń jẹ."

"Ìrẹsì funfun láàárọ̀, ìrẹsì funfun lálẹ́! Ṣé torí pé àbúrò mi ti kú lo ṣe ń ba ọmọ ẹ̀ jẹ́?"

Kí ni opó fẹ́ sọ sí ìyẹn nínú ilé ẹbí ọkọ? Wòsílátù sọ ẹja kalẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Munawwarah kò ké mọ́. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé fún Wòsílátù pé ótísíìmù ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe ọmọ náà, pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tirẹ̀, pé òórùn ọbẹ̀ lásán lè ni ín lára. "Ẹ má fipá mú un, Màámi. Ẹ gbé oúnjẹ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mọ̀, kẹ́ ẹ sì ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí i." Wòsílátù ṣe é pẹ̀lú sùúrù. Iṣu bíńtín ló ń gbé síbẹ̀, lọ́tọ̀, kó má kan ìrẹsì. Munawwarah kọ́kọ́ ń tì í dànù. Nígbà tó yá, ó ń fìka kàn án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lá a. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀ nínú ilé ìdáná, kò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Kì í ṣe pé Kúbúrá kórìíra ọmọ. Rírọ ló fi tọ́ gbogbo ọmọ tirẹ̀, wọ́n sì sanra.

Láti ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ ní ẹ̀kọ náà, Munawwarah ò jẹ nǹkan kan mọ́. Ó kọ iṣu, ó kọ ìrẹsì. Bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bá ti sún mọ́ ọn, yóò di eyín pọ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú kí wọ́n tó gbé e kúrò ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti fa omi sí i lára.

"Ta ló ń bọ́ ọmọ yìí?" ni dókítà béèrè.

"Ìyá ẹ̀ ni," Kúbúrá ti yára dáhùn. "Ìrẹsì lásán, dókítà! Èmi ni mo ń gbìyànjú."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Àlímì, olórí ẹbí, pè wọ́n jọ. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣàánú.

"Wòsílátù, a ò lé ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ò gbọdọ̀ kú sí ọ lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ Kúbúrá ni yóò ti máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò máa sùn."

Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Wòsílátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àlímì ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúbúrá náà. Ó yíjú sí i lórí ìkúnlẹ̀, ó dúpẹ́.