Ẹja Ò Ráyè Wúwo Láàárín Kuigluk àti Naparyak

Láti Kuigluk, abúlé wa nílẹ̀ yìnyín, sí Naparyak, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni bàálù ń lò. Mo ti sín lókè rí, kí n tó nu imú tán, a ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ní ilẹ̀ lo máa gbà, wàá yí gbogbo etí òkun po, irùngbọ̀n á hù lẹ́nu ẹ, o báà jẹ́ obìnrin.

Sátidé yẹn, àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Naparyak, ọwọ́ mi ni gbogbo ẹja gbígbẹ tí wọ́n máa fi ṣàlejò sì wà. Ìjì yìnyín ń bọ̀. Lyle tó ń wa bàálù ní tóun bá lọ báyìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, kó o tó wọ bàálù kékeré, wàá sọ bó o ṣe wúwo tó, kí ẹrù má bàa pọ̀ jù fún un. Òṣùwọ̀n wa ti dì gbagidi, ẹnu la fi ń wọn ara wa. Nastasia wá dúró sẹ́yìn mi, ọmọge tó rẹwà débi pé yìnyín ń yọ́ tó bá kọjá. Bí Lyle ṣe bi mí, mo fẹ àyà, mo ní ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn, egungun àti iṣan ni gbogbo ẹ̀.

Lyle kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bàálù ti kún nìyẹn, kí n yàn: èmi tàbí ẹja.

Tí mo bá dé láìsí ẹja, èmi ni àbúrò mi máa yan fún àlejò. Tí ẹja bá dá lọ, ta ló máa jó?

Mo ní, "Bùrọ̀dá Lyle, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Ẹja ò ní ráyè wúwo tẹ́ ẹ máa fi balẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti wúwo látilé."

Lyle ṣí fìlà, ó ń rò ó. Àwọn tó wà lórí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ iyàn. Bàbá Wassillie ní òótọ́ ni mo sọ, pé òun gbé ajá lọ sí Naparyak rí, ajá náà ò wúwo rárá àfìgbà tí wọ́n balẹ̀.

Ìyá Àgbà mi, Agafia, tí kò ga tó èjìká mi, ló sìn mí wá. Kò dá sí iyàn. Ó gbá mi níbàdí mú, ó gbé mi sókè bí ọmọ ọwọ́, ó mì mí wò, ó sì wo Lyle.

"Kọ àádóje," ó ní. "Bàtà ẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Nastasia rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Lyle pa tàkọ́kọ́ rẹ́, ó kó ẹja sínú bàálù, ó tì mí tẹ̀ lé e. Nastasia wọlé jókòó tì mí, ó gbé àpò ẹja kan lé mi lẹ́sẹ̀.

"Di èyí mú," ó ní, "kí atẹ́gùn má gbé ẹ lọ."

Kí ìyàwó tó jókòó, Nastasia ti ròyìn mi fún gbogbo ilé. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán, mo mú ẹja kan, mo dìde, mo kọjú sí àwọn ará ọkọ. Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ìyá arúgbó gbé ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn sókè, ó tún mì í. Ìdílé alágbára lẹ fẹ́yàwó nínú ẹ̀ yẹn o."