Ìlù fún Ẹni Tó Ń Sáré Lórí Òrùlé

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá kan fún yín. Èmi kọ́ ni mo lá a. Tinúadé ló lá a, lọ́sàn-án gangan, lórí àga tó jókòó sí. Bó ṣe rọ́ ọ fún mi náà ni n ó ṣe rọ́ ọ.

Iṣẹ́ Tinúadé ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣe ìlù sínú fíìmù oníjà. Bí ọkọ̀ bá ń lé ọkọ̀, tàbí tí ẹnìkan bá ń fò láti òrùlé dé òrùlé, òun ló ń ṣe ìlù gbì-gbì-gbì tó ń já òǹwòran láyà. Kò sí awọ nínú ìlù náà, kò sí igi. Iná mànàmáná ló ń dún. Fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, Adéwuyì àbúrò rẹ̀ ló ń sáré nínú rẹ̀, lórí àwọn páànù tó ti dógùn-ún l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ti ya ibẹ̀ tán, ó ti dára, kí ọ̀gá tó ń darí fíìmù tó ní kó tún un sá. Níbi àsátúnsá yẹn ni páànù ti já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Adéwuyì ò gbé ẹsẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Yàrá kejì nílé Tinúadé ló dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jókòó níwájú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, á máa wò ó bó ṣe ń sáré, kó lè fi ìlù sí i.

Ibi tó ti ń wò ó ni oorun ti gbé e lọ.

Nínú àlá náà, ẹ̀rọ ìlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, mo ti ń dún láti àárọ̀, n ò tíì fẹnu kan nǹkan."

Tinúadé bu iṣu tútù fún un. Ó jẹ ẹ́, kò sì dákẹ́ dídún. Bí Tinúadé ti wo ojú kọ̀ǹpútà, Adéwuyì ti kọjú sí i, ó ń sáré bọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìlù yẹn. Ó ti rẹ̀ mí."

"Tí mo bá pa á ńkọ́?"

"N ó dúró."

"Orí páànù tó fẹ́ já lo wà. Tí o bá dúró, wàá já bọ́."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì ń sáré lọ.

Tinúadé rò ó pé ọ̀rọ̀ yìí ju òun nìkan lọ. Ó wé gèlè, ó gba Ọ́fíìsì Ìdákẹ́jẹ́ lọ. Lójú ọ̀run ni ọ́fíìsì náà wà, ó ń léfòó lókè odò Ògùn bí igbá. Agboòrùn lèèyàn ń ṣí, atẹ́gùn á sì gbé e wọlé. Ó bá ọ̀gá kan nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Kí lẹ wá gbà?" ọ̀gá náà bi í.

"Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ni, sà. Èyí tí àbúrò mi lè fi sinmi, tí kò fi ní já bọ́."

"Ó ti tán. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ láàárọ̀."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n ń gùn, títí ó fi di òbúkọ, tòun ti awò ojú rẹ̀. Tinúadé rò pé wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó tún kúnlẹ̀ kí i. Òbúkọ ní kó lọ rí ọ̀gá òun. Òbúkọ ni ọ̀gá yẹn náà, ó ń jẹ kọ́tìnì fèrèsé. Tinúadé ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Ó ní, "Mẹ̀ẹ́." Tinúadé ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dúpẹ́.

Ibi tó ti fẹ́ yíjú padà, ilẹ̀ ọ́fíìsì ti di páànù. Òun náà ti ń sáré, láìwọ bàtà, ó di ọwọ́ Adéwuyì mú, ẹ̀rọ ìlù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

"Máa dún," ó ń bẹ̀ ẹ́. "Má dákẹ́."

"Iná mi ń kú lọ, Àǹtí," ẹ̀rọ náà ní, ó ń sunkún.

Ìlù ń rẹlẹ̀. Tinúadé fi ọwọ́ kejì lu àyà ara rẹ̀, ó ń lù ú kíkankíkan kí ìró má bàa tán, títí ọwọ́ fi wúwo tí kò lè gbé e mọ́. Adéwuyì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yọ ọwọ́ lábẹ́ orí ọmọ tó ti sùn.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí mi," ó ní. Ó sì dúró.

Tinúadé ta jí. Kó, kó, kó ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Adéwuyì ló ń fi ife lu irin ibùsùn nínú yàrá kejì. Bó ṣe ń pè fún omi nìyẹn. Tinúadé bu omi lọ, ó gbé orí àbúrò rẹ̀ sókè, ìyẹn sì mu ún.

"Ìlù tí mò ń gbọ́ láti àárọ̀ yẹn," Adéwuyì ní, "ṣé ti ibi tí mo ti ń sáré ni?"

"Òun ni."



"Ó falẹ̀, Àǹtí mi. Mo yára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Tinúadé nu omi kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó jókòó, ó sì mú kí ìlù náà yá sí i.