Àmì Orí Eje

"Ẹ pa á! Mo ní kí ẹ pa nǹkan yẹn!"

Ohùn Alhaji Sàláúdéènì gba gbogbo pálọ̀ kan. Àwọn aládùúgbò tó rọ́ sójú fèrèsé, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín pa ara wọn láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, dákẹ́ lójijì. Nínú tẹlifíṣọ̀n tí Alhaji rà lọ́dún tó ti Mẹ́kà dé, ọkùnrin kan ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọ yàrá onílé rẹ̀. Ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtíkè kun ojú rẹ̀ funfun, eyín méjì sì gùn jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàṣírátù mọ̀ pé èèpo ọsàn ni eyín náà, nítorí ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gé e. Ó mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Táòfíkì ni, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìwó wá tọrọ ìyàwó lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo wá gbà," ni Táòfíkì ń fi imú wí, kí ìyá Bàṣírátù tó dìde yí bọ́tìnnì, tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi ṣókùnkùn.

"Alhaji, eré mà ni," ẹnì kan wí lójú fèrèsé.

"Ta ni ò mọ̀ pé eré ni? Ṣé òmùgọ̀ lẹ pè mí ni? Ẹ máa lọ sílé yín, ó yá!"

Nígbà tí ojú fèrèsé ṣófo tán, Alhaji jókòó, ó fi ọwọ́ nu ojú. Kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Ẹní àti fóòmù ló ń tà ní ọjà Bọ́ládé l'Óṣòdì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Bàṣírátù, sọ fún wọn kí wọ́n má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mi ò ní fún amùjẹ̀ lọ́mọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ń kí mi, 'Àna Amùjẹ̀, ẹ kú ọjà o!' Èmi tí mo ti Mẹ́kà bọ̀! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ tí ẹ bá bímọ, ilé wo ni wọ́n fẹ́ wò? Ọmọ Amùjẹ̀ ni wọ́n á máa pè é títí tá á fi hu irùngbọ̀n."

Ìyá Bàṣírátù ṣì dúró ti tẹlifíṣọ̀n. Ó rọra ní, "Bàbá Bàṣírá, ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kí ẹ tó wọ bàálù o. Níwájú Lèmọ́mù lẹ ti sọ ọ́."

Alhaji rántí. Kò sí ẹni tí kò rántí. Àfẹ́sọ́nà méjì ni ó ti lé lọ: ó ní ọ̀kan ń mu sìgá, ó ní ìlú ìkejì jìnnà jù. Nígbà tí ó wá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá mú òun lọ, tó mú òun bọ̀, ẹni tí Bàṣírátù bá mú wá lòun ó fún, òun kò tún ní kọ ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ẹni tó bá mú wá ni mo wí," ni Alhaji fèsì. "Èèyàn ni mo ní lọ́kàn."

Ó bá dìde, ó wọ yàrá. Bàṣírátù jókòó síbẹ̀, ó ń fi èékánná họ apá àga. Ohun kan wà tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀, tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kì í ṣe Táòfíkì ló sọ ara rẹ̀ di amùjẹ̀. Òun Bàṣírátù ló sọ ọ́ dà á.

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni Bàṣírátù ń ṣe ní ọ́fíìsì Fákúnlé ní Ìsọlọ̀. Fákúnlé ló ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín "Ojúlé Kejìlá" lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń ṣe onílé inú rẹ̀. Ẹ̀rọ òyìnbó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e, kò sì mọ àmì ohùn kankan. Bí Bàṣírátù bá tẹ̀wé tán, á mú bíró, á fi ọwọ́ sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn tó ń la ọ̀nà tuntun gbé kátakátà dí ojú títì l'Óṣòdì. Agogo mẹ́ta ọ̀sán kí Bàṣírátù tó dé ọ́fíìsì. Ó tẹ̀wé tán, ó sàmì sí i, ṣùgbọ́n kò ráyè kan ojú ìwé tó kẹ́yìn. Nínú eré ọjọ́ náà, onílé ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí lọ́rì òun bá ti òkè Ọya dé láyọ̀, òun ó kan òrùlé àwọn ayálégbé. Lọ́rì dé, òrùlé ń jò síbẹ̀. Táòfíkì, tí ó ń ṣe ayálégbé, yóò fi aṣọ bora nítorí òjò, yóò wọlé, yóò sì ní, "Ẹ̀jẹ́ ni mo wá gbà."

"Eje" ni Táòfíkì bá nínú ìwé. Yàrá ṣókùnkùn, aṣọ dúdú wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti wo fíìmù òyìnbó kan nípa amùjẹ̀ rí. Ó pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ ni mo wá gbà!" Ojú ẹsẹ̀ ni eré yìí ń lọ sílé oníkálukú, kò sí pé wọ́n á tún un ṣe. Fákúnlé sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó di kámẹ́rà mú rẹ́rìn-ín títí àwòrán fi ń gbọ̀n. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, Fákúnlé ti yá aṣọ dúdú lọ́wọ́ lọ́yà kan, ó ti bó ọsàn, Amùjẹ̀ sì ti di ará ilé.

Nínú fíìmù òyìnbó, aáyù ni amùjẹ̀ ń sá fún. Fákúnlé ní Yorùbá wo ló ń sá fún aáyù? Amùjẹ̀ tirẹ̀ a máa kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé, wọn a sì máa dá a lóhùn pé, "Ẹ̀jẹ̀ wo? Onílé ti fà á gbẹ!" Gbogbo Èkó ló mọ irú onílé bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì tí Alhaji bínú, Bàṣírátù dúró níwájú tábìlì Fákúnlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Amùjẹ̀ yìí kú."

"Kó kú?" Fákúnlé gbé ẹrù lẹ́tà kan sókè. "Wo lẹ́tà àwọn èèyàn! Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fún wa ní ọdún kan sí i nítorí ẹ̀."

"Èmi ni mi ò fi àmì sí i, sà. Àṣìṣe ni."

"Mo mọ̀. Táòfíkì kúkú lè kà á sí èje, ká máa pè é ní Baba Eléje." Ó rẹ́rìn-ín. "Bàṣírá, àṣìṣe tó bá gbé oúnjẹ wálé kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Lọ jókòó."

Nírọ̀lẹ́, Bàṣírátù gba Apakun lọ, níbi tí Táòfíkì ti ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Táòfíkì wà lórí àkàbà, ó ń fa wáyà sí ilé tuntun kan. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni kọ́ńdọ́ọ̀tọ̀ kan pariwo láti inú bọ́ọ̀sì, "Amùjẹ̀! Wọlé o, ọ̀fẹ́ ni!" Táòfíkì juwọ́ sí i, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó rí ojú Bàṣírátù ló tó ká ọwọ́ náà kò.

Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán.

"Màá fi í sílẹ̀," ó wí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Bàṣírá, ọdún mẹ́rin ni mo ti wà l'Ékòó. 'Oníná' ni wọ́n ń pè mí, tàbí 'ìwọ yẹn.' Ní báyìí, gbogbo bọ́ọ̀sì ló mọ̀ mí."

"Wọn ò tíì mọ orúkọ yín náà, Bọ̀dá Táòfíkì. Amùjẹ̀ ni wọ́n ń pè yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, Bàṣírátù sì rí i. Ó wu Bàṣírátù kó sọ fún un pé kó fi eré náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn ní Ọjọ́bọ̀. Kò fẹ́ ọkọ tí yóò máa jókòó nílé, tí yóò máa ro ohun tí ìyàwó gbà lọ́wọ́ òun. Ó ní kó má tíì fi í sílẹ̀.

Táòfíkì ní, "Ohun tó bá wà nínú ìwé ni màá sọ. Àmì tó o bá fi síbẹ̀ ni màá pè. Ẹ̀kan ṣoṣo tí mo dá a rò fúnra mi, ibi tó gbé wa dé nìyí."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ẹsẹ̀ Bàṣírátù kò dúró sójú kan. Ó jẹ ìdérí bíró títí ó fi fọ́. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Fákúnlé kọ ojú ìwé tó kẹ́yìn ní agogo méjì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì, ó sì jáde lọ wá epo sí ọkọ̀. Bàṣírátù tẹ̀ ẹ́. Ó ka ohun tó tẹ̀:

"Onile, eje ni mo wa gba. Bi n ko ba gba eje, n ko kuro nile yii."

Lẹ́yìn èyí, onílé yóò dákú. Àpárá eré náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàṣírátù mú bíró. Ó rántí wàláà ìgbà èwe rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ ọ ní kéwú ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá fi àmì òkè sí ìsàlẹ̀, ẹgba ni. "O ti yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí, "o sì rò pé ìlà kékeré lo fà."

Bí Fákúnlé bá lé e, kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀. Ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí ẹ àkọ́kọ́. Lórí ẹ kejì, ó fa ìlà náà sókè. Bíró ni, kò ṣeé pa rẹ́. Ó ṣe "eje" kejì bákan náà.

Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ń hó níta nígbà tó fi ìwé náà lé Táòfíkì lọ́wọ́. Táòfíkì ń kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó gbójú sókè.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà á."

Nílé, Alhaji ti kírun Màgàríbì tán, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Bàṣírátù kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká tan tẹlifíṣọ̀n lónìí nìkan. Bí ohun tí ẹ bá gbọ́ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, èmi fúnra mi á sọ fún wọn kí wọ́n má wá mọ́."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaji wo ọmọ náà.

"Ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́ o," ó wí, ó sì kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n.

Bí iná ṣe tàn ni ojú fèrèsé kún. Amùjẹ̀ kan ilẹ̀kùn títí, ó dé yàrá onílé. Fákúnlé ti ń wá ibi tí yóò dákú sí.

"Onílé," ni Táòfíkì wí, "ẹ̀jẹ́ ni mo wá gbà."

Fákúnlé dúró sáàárín ìṣubú. "Kí lo wí?"

Táòfíkì yọ èèpo ọsàn náà lẹ́nu, kí ọ̀rọ̀ lè já gaara. "Ẹ̀jẹ́. Ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́ níwájú Ọlọ́run, pé bí lọ́rì yín bá dé, ẹ ó kan òrùlé wa. Lọ́rì ti dé. Òjò ń rọ̀ sórí ọmọ wa. Bí n kò bá gba ẹ̀jẹ́, n kò kúrò nílé yìí."

Ìdajì nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé, Bàṣírátù mọ̀. Fákúnlé wo Táòfíkì, ó wo èèpo ọsàn, ó wo kámẹ́rà. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ì bá sàn fún mi!"

Ojú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń fi ọwọ́ gbá ògiri. Ìyá Bàṣírátù pàápàá ń nu omi ojú. Bàṣírátù kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló ń wò. Tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ Alhaji.

Alhaji kò yíjú padà títí wọ́n fi pa tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn èèyàn sì lọ.

"Bàṣírátù."

"Sà."

"Ta ló fi àmì sí ìwé yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi náà ni mi ò fi sí i nígbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi Bọ̀dá Táòfíkì."

"Mo nà ọ́ nítorí àmì nígbà tó o wà ní kékeré."

"Ẹ nà mí, sà."

"Mi ò nà ọ́ tó."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rẹ̀. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, kò mọ iye tó ti kà mọ́, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́. Bàṣírátù ti ń rọra dìde kí ó tó tún sọ̀rọ̀.

"Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n sọ fún un, kó fi eyín yẹn sílé."